Táǹkì Tí Wọ́n Kùn Lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Aṣòfin àti Owó Ìlú

Nígbàkigbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wa nílé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Alágbàká, Àkúrẹ́, tó ń béèrè bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ owó ìlú, n kì í kọ́kọ́ gbé ìwé òfin fún un. Ìtàn táǹkì omi kan ni mo máa ń sọ. Táǹkì náà wà ní ìlú kékeré kan láàárín oko kòkó. Bí ẹ bá kúrò ní Àkúrẹ́ tí ẹ dorí kọ ọ̀nà Oǹdó, ẹ ó kọjá Ọ̀wẹnà, ẹ ó sì yà kúrò lójú títì sí ọ̀nà eléruku. Láàárín ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kun táǹkì yẹn lọ́dà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni wọ́n lu ìlù sí i, tí wọ́n ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo ọjọ́ tí omi fi jáde nínú rẹ̀ pọ̀, kò pé oṣù márùn-ún.

N kò ní dárúkọ ìlú náà. N kò sì ní kọ ọdún tí aṣòfin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wọlé, torí ẹni tó bá ti ka ọdún yóò dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọnọrébù, bí gbogbo wa ṣe ń pè é náà nìyẹn. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dìbò yàn án. Ẹni tó bá mọ bí ìbò abẹ́lé ṣe máa ń gbóná ní ìpínlẹ̀ wa yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Púpọ̀ nínú àwọn aṣòfin tí mo bá ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ti ń mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àkókò wọn ń pé.

Ojú tó fi ń wo ìjọba

Olùkọ́ ni Ọnọrébù kó tó bá òṣèlú lọ. Ilé-ìwé gírámà ló wà nígbà tí Olóyè Adékúnlé Ajásin ń ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ó sì wà lára àwọn tó jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìgbà UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Ajásin. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Ọkùnrin náà máa ń to ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fún un bí ẹni ń ki oríkì: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955, tẹlifíṣàn n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, Cocoa House tí wọ́n parí lọ́dún 1965. Ọnọrébù fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iyọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbogbo. "Kòkó bàbá mi wà nínú ilé gíga yẹn," á wí bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, "ta ló wá ń sọ fún mi pé ìjọba ò mọ nǹkan ṣe?"

Nígbà tó wọlé, "ẹ tà á" ni orin tó wà lẹ́nu àwọn tó kàwé nípa ọrọ̀ ajé. Òfin títa ilé-iṣẹ́ ìjọba ti wà láti 1988, wọ́n tún tún un ṣe lọ́dún 1999, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ti ń tà nínú tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ gíláàsì tó kógbá sílé ní Ìgbòkòdá láti fi hàn án pé ìjọba kì í ṣe oníṣòwò, á ní: "Kíkọ́ tí ìjọba kọ́ ọ kọ́ ló pa á. Àìtọ́jú ni." Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ òótọ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́fà kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

Ọ̀dà àkọ́kọ́

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ìjọba kọ́ omi ẹ̀rọ ìlú náà. Ẹ̀rọ ń fa omi látinú odò kékeré kan sínú táǹkì onírin tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, omi sì ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́sàn-án káàkiri ìlú. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń mu dísẹ̀lì ló ń yí i. Ọjọ́ kan, nǹkan kan ṣẹ́ nínú jẹnẹrétọ̀ yẹn. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, koríko sì hù bo ibẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà rò pé ilé ẹyẹ ni táǹkì.

Omi ẹ̀rọ yìí ni Ọnọrébù fi polongo ìbò. Kò sì purọ́ fún wọn. Ní ọdún rẹ̀ kìíní nílé aṣòfin ló rí i pé owó àtúnṣe wọ inú ìṣúná. Agbaṣẹ́ṣe dé, jẹnẹrétọ̀ tuntun dé, wọ́n pààrọ̀ páìpù tó ti jẹrà, wọ́n kun táǹkì ní àwọ̀ búlúù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Àwọn ìyá àgbà bu omi náà sójú, wọ́n ń gbàdúrà fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí omi dákẹ́.

Nǹkan kan kò bàjẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ti ra dúrọ́ọ̀mù dísẹ̀lì mẹ́ta sílẹ̀ nígbà tó ń gbé iṣẹ́ fún ìjọba, àwọn yẹn ni wọ́n lò tán. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán láti Àkúrẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, ó ń jókòó lábẹ́ ìbòòji lójoojúmọ́, kò sì rí epo tí yóò dà sínú ẹ̀rọ. Ọnọrébù fi owó ara rẹ̀ ra dúrọ́ọ̀mù kan. Lóṣù kejì ó ra méjì. Lóṣù tó rìnrìn àjò tí kò rà, wọ́n bú u láti ẹnu ọjà dé ààfin. Ó pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Akọ̀wé, mo ti di ẹ̀rọ omi o."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo lọ ṣí ìwé ìṣúná. Owó iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀ gedegbe: àtúnṣe omi ẹ̀rọ, orúkọ ìlú, iye owó. Mo wá owó tí wọn yóò fi máa lò ó lọ́dọọdún. Kò sí lórúkọ ìlú náà, kò sì sí lórúkọ ìlú kankan. Ìlà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, wọ́n da bírò, táyà ọkọ̀, owó ìrìn-àjò àti dísẹ̀lì gbogbo ìgbèríko pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ohun tí a kọ sínú ìṣúná yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Bí owó tó ń ti Àbújá wá bá dínkù lóṣù kan, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, ohun tó bá ṣẹ́kù ni àwọn yòókù ń jà lé lórí. Dísẹ̀lì ìlú tí kò ní ju ilé-ìwé méjì lọ kì í jàjàbọ́ nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Mo fi han Ọnọrébù. Ó wò ó, ó ní òun mọ̀. Èyí yà mí lẹ́nu. Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń gé ríbọ́ọ̀nù fún dúrọ́ọ̀mù dísẹ̀lì.

Ọ̀dà kejì

Ohun tó ṣe nígbà kejì tó wọlé ni mo rí bí àṣìṣe tó tóbi jù, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Dípò kó wá ibi tí owó ìlò yóò ti máa wá, bọ̀hóòlù ló lọ gbà. Mẹ́ta ni, wọ́n kọ wọ́n sábẹ́ iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n so mọ́ táǹkì àtijọ́. Wọ́n tún táǹkì kùn, funfun àti àwọ̀ ewé lọ́tẹ̀ yìí, ìlù tún dún.

Ilẹ̀ apá ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ yanrìn bíi ti etíkun Ìlàjẹ. Àpáta ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó yọrí síta ní Ìdànrè. Omi kì í wà nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ àfi níbi tó bá ti là, tàbí níbi tó ti jẹrà di ilẹ̀ rírọ̀ lókè. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ sí ibi tí kò yẹ, ẹ lè gbẹ́ ẹ jìn bí ó ṣe wù yín, eruku ni ẹ ó bá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń fi iná mànàmáná yẹ inú ilẹ̀ wò wá kí wọ́n tó gbẹ́. Wọ́n mú wọn wá lóòótọ́. Wọ́n tọ́ka sí ibì kan nítòsí ilé-ìwé, ilẹ̀ náà sì wà nínú ìjà láàárín ìdílé méjì. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi parí ìjà. Ni wọ́n bá gbẹ́ ọ̀kan sí ẹ̀bá títì nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti ìjọba, wọ́n gbẹ́ ọ̀kan sí ìdí táǹkì, wọ́n gbẹ́ ẹ̀kẹta sí àgbàlá aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó ní òun fi ilẹ̀ òun tọrẹ.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ dé. Ti ẹ̀bá títì gbẹ ní oṣù Kìíní. Ti ìdí táǹkì ń yọ omi pupa tó ń dọ̀tí aṣọ, kò sì pẹ́ tí òun náà fi dákẹ́. Èyí tó wà ní àgbàlá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ibi tó sì dára ló bọ́ sí, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ àgbàlá náà ní géètì. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Nígbà tó di oṣù Kẹta, kéègì kan ti di títà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ń lọ sápò ẹni tó ní géètì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ilé aṣòfin, ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín pé, "Ọnọrébù ti ta ilé-iṣẹ́ ìjọba láì mọ̀." Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà gun táǹkì lóru ọjọ́ kan, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ OMI DÀ? sára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà tí ẹ lè kà láti ojú ọ̀nà.

Ìpàdé inú kíláàsì

Ìpàdé tí mo ka sí oríta ọ̀rọ̀ yìí wáyé nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọjọ́ Sátidé, oòrùn ń ràn. Ọnọrébù ti pinnu pé òun yóò jókòó gbọ́ èébú. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Baálé kan tó ju bàbá rẹ̀ lọ nàka sí i, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti mú wa jó ijó asán." Ọnọrébù dọ̀bálẹ̀ fún un, kò sọ nǹkan kan.

Obìnrin kan tó ń ta fùfú ló yí ìpàdé padà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun yí i padà. Ó ń ṣàròyé pé mẹ́ruwà, àwọn tó ń ta omi, ti fi owó lé kéègì, ó sì ka iye kéègì tí òun ń rà lójúmọ́ láti fi rẹ gbáàgúdá. Ọnọrébù, olùkọ́ ni lóòótọ́, dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí obìnrin náà tún un sọ. Ó kọ ọ́ sójú pátákó. Ó bi ẹni tó jókòó tì í. Ó kọ tirẹ̀ náà. Mo ń bá a kọ ọ́ sínú ìwé, ilé mẹ́tàdínlógójì ni mo kọ kí ṣọ́ọ̀kì tó tán. Ó rò ó pọ̀ fún oṣù kan, ó sì wá kọ iye dísẹ̀lì tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń mu lóṣù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ilé mẹ́tàdínlógójì yẹn nìkan ń san fún mẹ́ruwà pọ̀ ju owó dísẹ̀lì gbogbo ìlú lọ.

Kíláàsì dákẹ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ agbépo méjì tó fi ń gbé omi wá tà wà láàárín wa, òun náà sì ni alága wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ Ọnọrébù. Ó dìde, ó ní òun ní ibi tí òun ń lọ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ìdí tí ọkùnrin yẹn fi máa ń pariwo jù lọ pé omi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, pé ìlú kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀. Omi ọ̀fẹ́ tí kì í jáde kò lè ba ọjà rẹ̀ jẹ́.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà sí Àkúrẹ́, Ọnọrébù kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ọ̀wẹnà. Ó wá ní: "Àbúrò, ọ̀fẹ́ tí mo ń jà fún yìí, àwọn ìyá yẹn ló ń san án." Mo rò pé ọdún mẹ́wàá tó fi ń sọ̀rọ̀ nípa Cocoa House ló ń dà rò. Owó tí wọ́n yọ lórí kòkó àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba owó ilé, kó sì máa tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n pín Ìwọ̀-Oòrùn sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta lọ́dún 1976, wọ́n kó irú dúkìá bẹ́ẹ̀ sábẹ́ Oòduà Investment, ilé-iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni, dípò kí wọ́n pín in bí ogún. Èyí ni bàbá rẹ̀ kò kà mọ́ oríkì.

Ohun tó ṣe nílé aṣòfin

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni iṣẹ́ wa gan-an wà.

Bí ìdìbò wa ṣe rí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣàjèjì. Láti ọdún 2009 tí ilé ẹjọ́ ti yọ gómìnà kan tó sì fi ẹlòmíràn sórí àga ní oṣù Kejì, ọjọ́ 24 oṣù Kejì ni gómìnà wa máa ń búra, àwọn aṣòfin sì ń búra ní oṣù Kẹfà ọdún mìíràn. Nítorí náà, gómìnà lè yí padà nígbà tí aṣòfin wà láàárín ìrìn àjò rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọnọrébù nìyẹn. Ọ̀gá tuntun dé ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó omi, ó ní òun kò rí fáìlì ìlú náà, pé iṣẹ́ ìjọba àná ni. Ọnọrébù mú fáìlì tirẹ̀ jáde. Àkọsílẹ̀ àtúnṣe àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, àbọ̀ àwọn tó yẹ ilẹ̀ wò wà níbẹ̀, ìwé tí mo kọ nínú kíláàsì náà wà níbẹ̀. Aṣòfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìbá ti bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Bí ẹ bá ń bi mí pé kí ni àǹfààní kí ènìyàn pẹ́ nílé aṣòfin, fáìlì yẹn ni mo máa ń dárúkọ, n kò tíì rí òmíràn tó tó o.

Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n ní ìbéèrè tí n kò gbọ́ lẹ́nu aṣòfin kankan rí. Kò bi wọ́n pé ta ló kó owó jẹ. Ó ní kí wọ́n gbé àkáǹtì wọn tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò wá.

Wọ́n ní ọ́dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kò tíì wá sọ́dọ̀ àwọn. Abala 125 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ló dá wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ aṣòfin mọ̀ nínú rẹ̀ pé ọ́dítọ̀ àgbà gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ wá síwájú ilé láàárín ọjọ́ 90 tí ìwé owó ìpínlẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí wọn kì í kà dé ni pé abala náà ya àwọn àjọ àti ilé-iṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ́dítọ̀ àgbà kọ́ ni yóò yẹ ìwé tiwọn wò. Orúkọ àwọn ọ́dítọ̀ tó kójú òṣùwọ̀n ló máa fún wọn, àwọn fúnra wọn ni yóò yan ẹni tó wù wọ́n nínú wọn, òun yóò sì sọ ohun tó rí sí àbọ̀ náà. Ó tún ní agbára láti máa yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá jókòó de ọ́dítọ̀ àgbà kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà yóò jókòó pẹ́. Abala 128 àti 129 sì fún ilé lágbára láti wádìí, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. A lò wọ́n.

Ìwé ọdún méjì ni wọ́n gbé wá nínú márùn-ún tí a béèrè. Ọdún méjì náà tó. A rí i níbẹ̀ pé ohun tí wọ́n ná sórí dísẹ̀lì ìgbèríko kéré sí ohun tí wọ́n ná sórí táyà àti àtúnṣe ọkọ̀ ọ́fíìsì. N kò sọ pé wọ́n jalè. Kò sẹ́ni tó jalè nínú ìwé tí mo rí. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn, ẹni tó wà nítòsí ló sì ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀.

Lọ́dún yẹn, Ọnọrébù kọ̀ láti bèèrè owó iṣẹ́ ńlá kankan fún ìlú náà. Ó ní títí wọn yóò fi kọ orúkọ ìlú sí ìlà owó ìlò, òun kò fẹ́ ọ̀dà mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ìjókòó ilé wà nínú ìwé mi: "Ìjọba tó bá kọ́ ohun tí kò lè bọ́, ọmọ ló bí síta fún ẹlòmíràn wò." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lọ bèèrè bọ̀hóòlù tiwọn. Ìlú rẹ̀ bínú sí i. Wọ́n ní àwọn tó kù ń gba nǹkan wálé, tiwa ń ka òfin.

Bí wọ́n ṣe tò ó nígbà ìkẹta

Ààfin ló parí ìjà ilẹ̀ ìdílé méjì, ó gba oṣù mẹ́jọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn olórí ìdílé méjèèjì sì tẹ̀ka sí i pé ilẹ̀ náà di ti ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ bọ̀hóòlù kan ṣoṣo sí, ibi tí àwọn ayẹlẹ̀wò ti sọ látìbẹ̀rẹ̀. Sólà ló ń yí i. Wọn kò lo táǹkì onírin mọ́, táǹkì oníke mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí ojúkò mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní obìnrin kan tó ń tà á ní kéègì kéègì. Ìdajì iye tí mẹ́ruwà ń gbà ni wọ́n ń gbà. Àwọn obìnrin ọjà tó ti ń dá àjọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń tọ́jú owó. Ọjọ́ ọjà tó bá kẹ́yìn oṣù ni wọ́n ń ka ìwé sétí gbogbo ìlú. Ohun tó bá bàjẹ́ tó kéré, owó àjọ ni. Èyí tó bá tóbi, ìjọba ni, ìlà tó ní orúkọ ìlú nínú ìṣúná ni wọn yóò ti mú un.

Èmi àti Ọnọrébù jiyàn lórí ilé ìwòsàn ìlú náà. Nígbà yìí ó ti yí padà débi pé ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn san, ó dàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn. Mo ní ibi tí aláboyún ti ń bímọ kì í ṣe ibi tí a ti ń ka kéègì. Ó gbà níkẹyìn, wọ́n ní kí omi ilé ìwòsàn wà lọ́rùn ìjọba. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tú owó ìlà yẹn sílẹ̀. Àwọn obìnrin àjọ ló ń gbé ilé ìwòsàn láìsọ. Nítorí náà n kò lè sọ pé mo borí nínú iyàn náà.

Nǹkan mìíràn náà bàjẹ́. Wọ́n jí páńẹ̀lì ojúkò tó wà nítòsí gáréèjì, kò sì padà ṣiṣẹ́ títí di òní. Ìjà dé lórí akápò àjọ, wọ́n ní ó ń yá ọmọ rẹ̀ lówó omi. Wọ́n ka ìwé, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, ó san án padà, wọ́n yọ ọ́. Inú mi dùn sí ìjà yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìlú náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan jí owó omi tí ìlú sì mọ iye rẹ̀.

Ọnọrébù pàdánù ìbò abẹ́lé nígbà tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Táǹkì nìkan kọ́ ló fà á. Ẹni tó na án ṣèlérí omi ọ̀fẹ́, alága wọ́ọ̀dù tó ní ọkọ̀ agbépo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2022, owó dísẹ̀lì fò ju ìlọ́po méjì lọ láàárín oṣù méjìlá, àwọn ìlú tó yí i ká tí jẹnẹrétọ̀ ń fa omi fún sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúkò méjì ìlú yìí ń ṣiṣẹ́. Ní àsìkò yẹn gan-an ni aṣòfin tuntun náà mú agbaṣẹ́ṣe wá, wọ́n sì kun táǹkì onírin nígbà kẹta. Kò sí páìpù kankan tó wọ inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ya fọ́tò.

Fún ẹ̀yin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí

Bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tàbí ẹ wà lára àwọn tó ń tọpa ìṣúná, ẹ má kọ́kọ́ lọ wo ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹ kọ́kọ́ wá ìlà owó ìlò. Bí orúkọ ibẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti mọ bí yóò ṣe parí, kò dìgbà tí ẹ bá sun epo ọkọ̀ lọ wò ó. Ìlà tó lórúkọ ṣe é bi léèrè. Èyí tí wọ́n dà pọ̀ kò ṣe é bi.

Ẹ béèrè àkáǹtì tí ọ́dítọ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó béèrè olè. Ẹni tí ẹ bá pè lólè yóò bá yín jà, ẹni tí ẹ bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti gbé nǹkan kan wá tàbí kó sọ pé kò sí, èyíkéyìí tó bá ṣe nínú méjèèjì ni ẹ ó kọ sílẹ̀.

Ẹ wádìí ohun tí àwọn ènìyàn ń san nísinsìnyí fún ohun tí wọ́n ní kí ìjọba ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì wádìí ẹni tí wọ́n ń san án fún. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà jókòó sí ìlà iwájú nínú ìpàdé yín. Ẹ má sì lo ìtàn yìí láti fi sọ pé kí ìjọba fọwọ́ kúrò nínú ohun gbogbo. Sólà, bọ̀hóòlù, iṣẹ́ àwọn tó yẹ ilẹ̀ wò, owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, ìlú náà kò lè dá a ṣe láéláé. Ọnọrébù kò fìgbà kan kúrò lórí ìyẹn, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí rẹ̀ títí di òní.

Iṣẹ́ ọba, a kì í làágùn ṣe é, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Mo rí òógùn lójú Ọnọrébù nínú kíláàsì yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Mo yà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo ń bọ̀ láti Oǹdó. Eruku ti bò mí, mo ní kí obìnrin tó wà ní ojúkò ìsọ̀ ọjà bu omi fún mi kí n fi bọ́jú. Ó bù ú. Mo dúpẹ́, mo ń lọ. Ó pè mí padà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì sanwó." Mo san án. Ó ṣí ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká, ó kọ déètì, ó kọ "àlejò, ìdajì kéègì", ó sì tì í padà sábẹ́ àga.